Kíláàsì Tí Wọ́n Ń Bá Àwọn Ọmọ Tọ́jú

Ìró àkọ́kọ́ tí Láníyì rántí láyé rẹ̀ kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ìró gìgísẹ̀ ni. Ní kíláàsì tí bàbá rẹ̀ fà á wọ̀ nígbà tí ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, káfíńtà tó kàn wọ́n sì ti ní láti rò pé àwọn ọlọ́pàá ló fẹ́ jókòó lórí wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò kan ilẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ń fì bí ẹran tí wọ́n so rọ̀ ní ìsọ̀ alápatà, gìgísẹ̀ sì ń kan igi: kó-kó-kó-kó, láti aago mẹ́jọ títí wọ́n á fi jáde. Bí olùkọ́ bá jágbe pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn jẹ́ẹ́, ìró náà á dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan á tún bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á sì gbè é.

Inú ìró yìí ni Láníyì ti rí iṣẹ́ ṣe, ó kéré tán bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dọọdún nìyẹn. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta báyìí. Ará Àkókó ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá sí Ọ̀wọ̀ tí kò sì padà sílé mọ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí Láníyì sí, Ọ̀wọ̀ ló ti gbéyàwó, síbẹ̀ bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá ń sọ èdè wọn láàárín ara wọn tí òun bá yọ sí wọn, kíá ni wọ́n á ti yí i sí Yorùbá inú ìwé, bí ẹni ń gbé àga fún àlejò.

Ètò inú ilé ni ó ń kọ́ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ni ilé náà kí ó tó di ilé ìmọ̀. Yàrá tí Láníyì ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń to inú ilé-ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu bíà tẹ́lẹ̀. Káńtà gígùn ṣì wà níwájú, orí rẹ̀ ló ń to ìwé sí. Bọ́ọ̀lù onídígí tó máa ń yí, tó ń ta iná sára àwọn oníjó, ṣì so rọ̀ láti àjà, nítorí pé kò sí ẹni tó rí àkàbà tó ga tó láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Láníyì máa ń dúró sí bí ó bá fẹ́ sọ gbólóhùn tó fẹ́ràn jù.

"Àga tí kò bá ọmọ mu," ni ó máa ń wí, á sinmi díẹ̀, "pàṣán ni."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọdún kan bá fi máa kọjá, wọ́n á ti sọ ọ́ di àṣà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ra bàtà tó há, èkejì á ní bàtà tí kò bá ọmọ mu, pàṣán ni.

Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni Láníyì fi fún wọn ní iṣẹ́ àṣekágbá kan náà: kí oníkálukú ya ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, kí ó sì fi páálí kọ́ ọ. Wọ́n á gé, wọ́n á lẹ̀, wọ́n á kùn ún. Ilé-ìwé tó rí roboto bí ìgbín, ilé-ìwé tí igi hù láàárín rẹ̀, ilé-ìwé tí kò ní ògiri rárá nítorí pé gọ́ọ̀mù ẹni tó ń kọ́ ọ ti tán. Bí ó bá fún wọn ní máàkì tán, á kó àwọn tó dára lọ sílé. Lábísí ìyàwó rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ohun tó gba àyè nínú ilé jókòó lásán. Inú ilé-ìwé tó gba máàkì jù lọ ni ó ń kó àlùbọ́sà sí.

"Ó ń gba atẹ́gùn dáadáa," ni ó wí.

Láníyì gbà á bí ìyìn. Ọ̀nà atẹ́gùn yẹn gan-an ni ó torí rẹ̀ fún ọmọ náà ní máàkì.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ilé-ìwé tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kò tíì sí ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó sínú ọ̀kan rí. Àlùbọ́sà nìkan ló ti wọlé.

Ní ọdún tó kọjá ni lẹ́tà kan dé. Àwọn ọmọ bíbí Upenmen tó wà ní Àbújá ti kọ́ yàrá tuntun kan fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní ìta ìlú náà, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Wọ́n ti fi owó pákó, táìlì àti ọ̀dà sí i, wọ́n wá ń bẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ó bá wọn to inú rẹ̀. Láníyì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láì ṣíná sí i. Nígbà tí ó jáde, ó ti so táì mọ́rùn.

"Lọ́dún yìí," ni ó wí fún kíláàsì rẹ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀lù onídígí, "kò sí páálí. Ẹ máa to yàrá gidi, àwọn ọmọ gidi máa lò ó, a ó sì padà lọ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí ẹ bá rí lọ́hùn-ún ni máàkì yín."

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè lẹ́yìn. Afeezat ni, ọmọ Sùlè káfíńtà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá.

"Sà, báwo la ṣe máa mọ bí àga ṣe máa ga tó?"

"Ó wà nínú ìwé." Láníyì gbé ìwé ńlá kan sókè, èyí tó ti fi ń kọ́ni láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

"Ọmọ ibo ni wọ́n wọ̀n sínú ìwé náà, Sà?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Láníyì wo ẹ̀yìn ìwé náà bí ẹni pé òun kò rí i rí. Ọmọ tó wà lórí rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn, yìnyín sì bo gbogbo ilẹ̀ tó dúró lé. Ó rọra gbé e sórí káńtà.

"Ìbéèrè tí mo ti ń retí gan-an nìyẹn," ni ó wí. Kò retí i rí láyé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kó ara wọn lọ sí Upenmen nìyẹn, pẹ̀lú téépù àwọn télọ̀. Wọ́n to ọmọ méjìdínlógójì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Afeezat kúnlẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n láti ilẹ̀ dé orúnkún, ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti wọn ọmọ tó ogún nígbà tí ìyá àgbà kan, Àbẹ̀ẹ́bí, tó ń ti oko bọ̀, sọ ẹrù igi rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ìlà.

"Ta ló kú?" ni ó bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá," ni Afeezat fèsì. "Àga la fẹ́ kàn fún wọn."

"Àga wo ni wọ́n ń wọn orúnkún fún? Àwa tí a ti ń jókòó kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, ta ló wọn tiwa?"

"Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ìbàdí máa ro yín, Màmá."

Ìyá àgbà náà rò ó wò. Ó dá ọmọ padà sórí ìlà, ó wá fa aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. "Wọn tèmi náà mọ́ ọn."

Sùlè kan àwọn àga náà ní oríṣi gíga mẹ́ta: àwọ̀ òféefèé fún àwọn tó kéré jù, àwọ̀ ewé fún àwọn àárín, àwọ̀ aró fún àwọn tó ga. Tábìlì onígun mẹ́fà ni, kí ọmọ mẹ́fà lè máa wo ojú ara wọn. Wọ́n kan pátákó ìkọ̀wé sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, wọ́n fa etí fèrèsé gùn kí ènìyàn lè jókòó lé e, wọ́n tẹ́ ẹní sí igun kan fún ìwé kíkà. Èrò Láníyì fúnra rẹ̀ ni táìlì ilẹ̀. Ó ti kà á níbì kan pé ilẹ̀ funfun a máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sókè, funfun ni ó sì mú. Afeezat wo táìlì náà, ó wo ojú ọ̀nà ìta tó pupa bí epo, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Láníyì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ògiri.

Ọjọ́ ìṣílé dùn. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi agbádá rẹ̀ jókòó lórí àga òféefèé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, wọ́n yà á ní fọ́tò, àga kò fọhùn. Láníyì sọ gbólóhùn rẹ̀ nípa pàṣán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, gbé iṣu mẹ́rin wá sílé Láníyì láti dúpẹ́. Láníyì lé àwọn ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rídọ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wọn, ó sì mú àlejò wọ pálọ̀. Àga ìnura mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn láti ọdún kẹta. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí ṣe jókòó, ọ̀rá dún wàràwàrà lábẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á wò, ó mi orí bí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Sáà kan kọjá, òmíràn sì wọ àárín. Láníyì rán Afeezat lọ ṣáájú, kí ó lọ wo ọjọ́ tó wọ̀ fún àbẹ̀wò wọn. Ọjọ́ kejì ni ó padà wá bá a ní káńtà.

"Sà, wọ́n tì í pa."

"Wọ́n ti kí ni?"

"Kíláàsì wa. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀rá tí bàbá mi fi wé àwọn àga kí ọ̀dà má baà bó lójú ọ̀nà, ó ṣì wà lára wọn. Àwọn ọmọ wà ní ilé àtijọ́, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan. Mo tún wọn mẹ́wàá nínú wọn, Sà. Orúnkún wọn ti fi ìka kan ga sí i. Bí ọdún yìí bá parí báyìí, kò ní sí ẹni tí àwọn àga náà máa bá mu nínú àwọn tí a kàn wọ́n fún."

Láníyì kò jẹun ọ̀sán. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀, ó di Upenmen.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wa," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí wí, ní Yorùbá ìwé tó dán gbinrin.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. A wá wo bí àwọn ọmọ ṣe ń lo kíláàsì wọn."

"Kíláàsì wà dáadáa. Kò sóhun tó ṣe é."

"Ta ló ń lò ó?"

"Àwọn ọmọ ló ni ín."

"Mo ní, ta ló ń lò ó?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá, ẹ wo ohun tó dára báyẹn. Ẹ wá fẹ́ kí n kó ọmọdé dà sínú ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan péré, á ti di gáréèjì. A ń bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni."

"Di ìgbà wo?"

"Di ìgbà tí wọ́n bá gbọ́n díẹ̀."

"Sà," ni Afeezat dá sí i, "bí wọ́n bá fi máa gbọ́n, wọn ò ní gba inú àga náà mọ́."

"Àwọn mìíràn á wá. Ọmọ ò lè tán ní Upenmen."

Láníyì na ìka sókè. "Àga tí kò bá ọmọ mu—"

"Pàṣán ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí parí ẹ̀ fún un. "Mo gbádùn ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ ìṣílé. Ẹ wò ó lókè yẹn."

Lóòótọ́, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ní òkè ibi tí ó to pàṣán mẹ́ta sí.

"Ọ̀rá tó wà lára àwọn àga ńkọ́?" ni Láníyì bi í. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. "Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ̀rá?"

"Ọ̀gá, ilé yín ni mo ti kọ́ ìyẹn."

"Ilé mi?"

"Ọjọ́ tí mo gbé iṣu wá. Mo wò ó pé ẹni tó mọ inú ilé jù ní gbogbo agbègbè yìí, ọ̀rá ló jókòó lé. Àwọn ọmọ yín ń jẹun ní kọ̀rídọ̀. Mo ní, ó dáa, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Sùlè ti tú ọ̀rá kúrò lára àga méjì kí àwọn alága lè rí i jókòó lé, mo délé mo ní kí wọ́n dá a padà."

Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀, ibi tó ti dun Láníyì jù nìyẹn. Afeezat dojú kọ téépù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé nọ́ńbà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lára rẹ̀. Adìyẹ kan wọlé, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jáde.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?" ni Láníyì wá bi í, ní ohùn tí kì í ṣe ti olùkọ́ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí náà pa ẹ̀rín rẹ́. "Ilẹ̀ funfun ni ẹ ṣe fún wa, ọ̀gá. Ọmọ méjìdínlógójì, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ẹ sì rí bí ilẹ̀ ìta ṣe rí. Kò sí ẹni tí ìjọba fún mi tó ń gbálẹ̀. Abigail, olùkọ́ tó ni kíláàsì yẹn, wà nínú oyún oṣù méje, n ò lè ní kó bẹ̀rẹ̀ máa nu ilẹ̀. Bí àwọn ará Àbújá bá dé lọ́la tí wọ́n bá funfun wọn ní pupa, èmi ni wọ́n máa bi. Wọn ò ní bi yín. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ wọ ibẹ̀, kó wá máa nù ún."

"Mo gbà."

"Ẹ gba kí ni?"

"Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìwé. Màá máa wá nù ún."

"Ọ̀gá, ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe."

"Èmi ò ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ kó wọn wọlé lọ́jọ́ Ajé."

Nígbà tó délé tó ní òun ń wá mọ́ọ̀pù, Lábísí gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé ilá sílẹ̀.

"Ẹ̀yin? Bàbá Mofìyìnfólúwa, láti ọdún kejìlélógún tí mo ti wà nílé yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí à ń gbé mọ́ọ̀pù sí?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló wà, ibi tó ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀. Bí ó ṣe gbé e tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó wo àwọn àga.

"Mo ń rò ó pé ká yọ ọ̀rá yẹn."

"Ẹni tó bá yọ ọ́, òun ni yóò máa fọ̀ wọ́n."

Láníyì fi ọ̀rá sílẹ̀. Ènìyàn kan kì í ja ogun méjì lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn ọmọ wọlé lọ́jọ́ Ajé. Afeezat lọ wò wọ́n, ó sì kọ ohun tí ó rí. Ó ní wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti jókòó. Wọ́n dúró ti àwọn àga bí àlejò tí wọn ò tíì kí, títí Abigail fi ní òun á nà wọ́n. Ó ní kí aago mẹ́wàá tó lù, Abigail ti ní kí wọ́n wọ́ gbogbo tábìlì onígun mẹ́fà náà sí ìlà gbọọrọ, kí ojú gbogbo wọn lè kọ ọ̀kánkán. "Bí wọ́n bá ń wo ara wọn," ni Abigail bi í, "ta ló máa wo èmi?" Láníyì ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún Afeezat ní máàkì tó pọ̀ jù tí ó tíì fún ẹnikẹ́ni rí, ó sì kéde fún àwọn yòókù pé Upenmen ń pe gbogbo wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn ló fẹ́ lọ. Nígbà tí ó fi kún un pé ilẹ̀ nínù ni, ọ̀kan rántí pé òun ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èkejì. Afeezat fúnra rẹ̀ ní Jímọ̀ láti lọ kí, ó sì ti ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, Láníyì nìkan ló bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà náà lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú mọ́ọ̀pù àti páìlì ìpọnmi. Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó fi kànga hàn án, ó gun ọ̀kadà lọ sóko.

Yàrá náà burú ju bí ó ti rò lọ. Ilẹ̀ funfun rẹ̀ ti pọ́n láti ògiri dé ògiri. Èérún pẹ́ńsù kún abẹ́ tábìlì, ẹnì kan ti da ògì sórí àga àwọ̀ aró kan, ó sì ti gbẹ mọ́ ọn. Lábẹ́ ẹní ìwé kíkà, ewé mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Àwọn tábìlì sì wà lórí ìlà wọn bí sójà, igun kan ń gún èkejì, nítorí pé kò sí bí a ṣe ń to onígun mẹ́fà sí ìlà gbọọrọ tí á fi gún.

Ó ki táì rẹ̀ bọ àárín bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wọ́ àwọn tábìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbálẹ̀, ó da omi sí i. Omi àkọ́kọ́ ti di pupa kí ó tó dé ìdajì yàrá. Ó lọ pọn òmíràn. Ó kúnlẹ̀ fi èékánná họ ògì kúrò lára àga, ó fi àkísà nu etí fèrèsé, ibi tó dọ̀tí jù ní gbogbo yàrá náà. Ó hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà du ìjókòó. Páìlì kẹrin ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jọ omi.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àwọn tábìlì padà. Ó to mẹ́ta àkọ́kọ́ bí òun ṣe yà wọ́n sórí ìwé, kí àwọn ọmọ lè máa wo ojú ara wọn. Ó sún sẹ́yìn, ó wò wọ́n. Wọ́n dára. Ó wá ro ti Abigail, tó máa gbé ikùn oṣù méje wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti tún wọ́ wọn kúrò níbẹ̀. Ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sórí ìlà, ó to àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, ó kó àwọn àga sábẹ́ wọn, ó fún mọ́ọ̀pù, ó da omi tó kù sí ìdí ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì da páìlì dé kí ó lè ro.